Kánsù fẹ́ wó ẹ̀sìtéètì: kí ni kí àwọn ará ilé ṣe kí wọ́n tó kó jáde?

Akọ̀wé_Bílọ́ọ̀kì béèrè:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọ̀dọ̀ àwọn tó mọ̀ nípa ilé kánsù ní Lọ́ńdọ̀nù ni ìbéèrè yìí ń lọ.

Ẹ̀sìtéètì kan wà ní gúúsù ìlú, bílọ́ọ̀kì 6 ni, ó ti lé ní 50 ọdún tí wọ́n ti kọ́ ọ. Lífìtì ń kú, omi ń jò, ògiri ń hu èébu. Kánsù ti wá kéde pé àwọn fẹ́ wó gbogbo rẹ̀ kí àwọn kọ́ tuntun síbẹ̀. Ìpàdé àwọn ará ilé wà ní Sátidé, èmi ni mo sì máa ṣàlàyé fún àwọn àgbàlagbà wa ní Yorùbá, torí ìwé tí kánsù fi ránṣẹ́ nípọn, èdè rẹ̀ sì takókó.

Oríṣi èèyàn mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Àwọn ayálégbé kánsù wà, àwọn mìíràn ti lo 20 ọdún. Àwọn tó ra fúláàtì wọn lábẹ́ Right to Buy, ìyẹn ètò tó jẹ́ kí ayálégbé kánsù lè ra ilé tó ń gbé, wà, àwọn kan ń gbé inú tiwọn, àwọn kan sì ti fi rẹ́ǹtì. Àwọn tó yá ilé lọ́wọ́ àwọn wọ̀nyẹn náà wà. Àwọn ẹbí aláìnílé tí kánsù kó síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ ló ṣìkẹrin.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀tọ́ wo ni ti ta? Èló ni wọ́n ń san? Ṣé lóòótọ́ ni pé èèyàn lè padà wá? Ibo sì ni ọ̀rọ̀ ti máa ń dàrú?

---

Ìwé_Lẹ̀rí fèsì:

Ẹ kú iṣẹ́ àjọ o, Akọ̀wé. Èmi á sọ ti ayálégbé kánsù, kí ẹlòmíì sọ ti àwọn tó ra fúláàtì.

Kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ owó ní Sátidé, ẹ ní kí olúkúlùkù mú ìwé àdéhùn ilé rẹ̀ dání wá. Orúkọ tí ìwé yẹn pè é ni òfin náà máa pè é. Èèyàn méjì lè máa gbé ní ojúlé tó kọjú síra wọn, kí wọ́n máa san iye kan náà, kí ọ̀kan ní ẹ̀tọ́ sí ilé mìíràn àti owó, kí èkejì má ní nǹkan kan. Secure, ìyẹn àdéhùn tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, ni ọ̀pọ̀ ayálégbé kánsù. Introductory ni ẹni tó ṣì wà ní ọdún àkọ́kọ́. Bó bá jẹ́ housing association, ìyẹn àjọ tó ń yá ilé fún aráàlú bíi ti kánsù, ló ni ilé, assured ni wọ́n máa kọ. Non-secure tàbí licence ni ti àwọn tí wọ́n kó wá fún ìgbà díẹ̀.

Ẹni tó jẹ́ secure, kánsù kò lè ṣàdéédé lé e jáde. Bí kò bá gbà láti kó, kóòtù ni wọ́n máa lọ, lábẹ́ Ground 10 nínú Housing Act 1985, wọ́n sì gbọ́dọ̀ fi ilé mìíràn tó bá a mu hàn adájọ́. Òfin sọ ohun tí adájọ́ máa wò: bí ilé náà ṣe jìnnà sí ibi iṣẹ́ tàbí ilé ẹ̀kọ́ àwọn ará ilé, bó ṣe jìnnà sí mọ̀lẹ́bí tí wọn kò lè ṣe láìsí nítòsí rẹ̀, iye èèyàn inú ilé, àti bí agbára àpò wọn ṣe mọ. Nítorí náà, ìyá àgbà tí ọmọ rẹ̀ obìnrin ń wá wẹ̀ ẹ́ láràárọ̀ láti òpópónà kejì, kí ó jẹ́ kí dókítà rẹ̀ kọ ìyẹn sínú lẹ́tà nísinsìnyí. Bí ọ̀rọ̀ bá dé kóòtù kí ẹ tó wá lẹ́tà, ó ti pẹ́.

Ibi tí mo ti rí i pé nǹkan ń bàjẹ́ jù ni fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń yẹ àìní ilé wò. Òṣìṣẹ́ kánsù á wá, á jókòó, á béèrè iye èèyàn tó ń gbé inú ilé. Ẹ̀rù á ba màmá, á rò pé wọ́n fẹ́ yọ benefit òun, á ní èèyàn méjì ni àwọn. Bẹ́ẹ̀ èèyàn mẹ́rin ni wọ́n. Ẹni tí kò bá sí lórí fọ́ọ̀mù yẹn kò ní yàrá nínú ilé tuntun, ó parí síbẹ̀. Ẹ kọ orúkọ gbogbo wọn, ọjọ́ orí wọn, àìsàn tó ń ṣe wọ́n, ẹni tó ń sùn mọ́jú láti tọ́jú aláìsàn, àti ẹni tí orúnkún kò jẹ́ kí ó lè gun àtẹ̀gùn. Ẹ gba ẹ̀dà fọ́ọ̀mù náà kí òṣìṣẹ́ yẹn tó jáde. Bí orúkọ ẹnì kan bá sì máa mú kí benefit yí padà, ẹ bá agbaninímọ̀ràn sọ̀rọ̀ kí ọjọ́ àyẹ̀wò tó pé, ẹ má fi orúkọ náà pamọ́.

Nípa owó: owó ìpàdánù ilé, home loss payment, wà nínú Land Compensation Act 1973. Ní October 1, 2023, £8,100 ni wọ́n gbé e sí fún ayálégbé ní England; ẹ béèrè iye tó wà lóde báyìí. Ẹni tó máa gbà á gbọ́dọ̀ ti fi ilé náà ṣe ibùgbé rẹ̀ gangan fún odindi ọdún kan títí di ọjọ́ tó kó jáde. Owó ilé kọ̀ọ̀kan ni, kì í ṣe ti ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí ọkọ àti ìyàwó bá jọ wà lórí ìwé, wọ́n máa pín in dọ́gba ni. Ẹ gbọ́dọ̀ béèrè fún un ní kíkọ, ọdún 6 sì ni àyè tí òfin fi sílẹ̀. Bí ẹ bá ti béèrè, tí ẹ sì ti kó jáde, oṣù 3 ni kánsù ní láti fi san án. Ọ̀pọ̀ kánsù máa ń yọ gbèsè owó ilé kúrò nínú rẹ̀ kó tó dé ọwọ́ yín, torí náà bí gbèsè kan bá wà tí kò tọ́, ẹ bá wọn yanjú rẹ̀ ṣáájú.

Ẹni tó bá ń gba Universal Credit, owó ìrànlọ́wọ́ ìjọba, ẹ fetí sí èyí. Bí owó tí èèyàn ní bá ti kọjá £6,000, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í gé e. Bó bá kọjá £16,000, ó dúró nìyẹn. £8,100 tó bá wọlé lọ́jọ́ kan lè ti èèyàn kọjá ààlà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé owó wọlé, ẹ sì tọ́jú rìsíìtì ohun tí ẹ fi rà. Ẹ má kàn fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sílé fún ẹbí lọ́sẹ̀ kan náà, torí wọ́n lè ní ẹ mọ̀ọ́mọ̀ gbé owó náà sá ni, kí wọ́n sì máa ṣírò rẹ̀ bí ẹni pé ó ṣì wà lọ́wọ́ yín.

Àṣìṣe kan tún wà tó ń dun èèyàn gan-an. Wọ́n kéde wíwó ilé lónìí, àwọn kan á bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú ara wọn wá ilé, wọ́n á kó lọ, nígbà tó bá yá kánsù á ní wọ́n kúrò fúnra wọn ni, kò sí home loss. Ẹ má ṣe kó títí ẹ ó fi ní lẹ́tà tó sọ pé bílọ́ọ̀kì yín ti wọ ètò ìkójáde. Decant ni wọ́n ń pè é. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ yẹn wà nínú lẹ́tà, pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀.

Ìpadà ńkọ́? Ìlérí ìpadà rọrùn láti ṣe. Ẹ wo ẹ̀sìtéètì Heygate ní Elephant and Castle: wọ́n kó àwọn èèyàn jáde, ìgbà tí ilé tí wọ́n ní kí wọ́n padà sí kò tíì dúró rárá. Títí tí ilé fi dé, àwọn ọmọ ti wọ ilé ìwé ní ibòmíràn, ara àgbàlagbà kò sì gbé ìkójáde ẹlẹ́ẹ̀kejì mọ́. Ọdún 2014 ni wọ́n wó o tán. Ètò tó dára ni kí wọ́n kọ́ ilé kìíní sórí ibi ìgbọ́kọ̀sí tàbí àwọn gáréèjì, kí ẹ sì kó tààrà láti ògbólógbòó sí tuntun, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìbéèrè tó yẹ kí ẹ gbé dìde nìyẹn: bílọ́ọ̀kì wo ni wọ́n máa kọ́kọ́ kọ́, ta ni yóò wọ ibẹ̀?

Kí lẹ́tà ìpadà sì sọ irú owó ilé. "Social rent", owó ilé kánsù tó rẹlẹ̀, ni kí ẹ bá wọn dúró lé lórí. "Affordable rent" lè tó 80% iye tí wọ́n ń yá ilé lọ́jà, ní Lọ́ńdọ̀nù, ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré. Kí ó sọ iye yàrá, kí ó sọ irú àdéhùn, kí ó sì sọ bóyá ẹ̀tọ́ náà máa kú bí ẹ bá kọ ilé kan.

---

Adíyelé_SE15 fèsì:

Ọ̀rọ̀ ni Ìwé_Lẹ̀rí sọ yìí. Ẹ jẹ́ kí n mú ti àwọn tó ra fúláàtì.

Ẹni tó ń gbé inú fúláàtì rẹ̀ fún ọdún kan ó kéré tán, iye tí ilé náà tó lọ́jà ni wọ́n máa san, pẹ̀lú home loss tó jẹ́ 10% lórí iye yẹn. Lábẹ́ iye tí wọ́n gbé jáde ní 2023, kò lè dín ní £8,100, kò sì lè ju £81,000 lọ. Ẹni tó ti fi tirẹ̀ rẹ́ǹtì kò ní home loss, ṣùgbọ́n ó ní basic loss, owó àfikún fún onílé tí kò gbébẹ̀. Títí di 2025, 7.5% ni, kò sì gbọ́dọ̀ ju £75,000; ẹ béèrè iye tó wà lóde báyìí. Ká ní ilé tó £350,000: ẹni tó ń gbébẹ̀ á gba £35,000 lé e, ẹni tó fi rẹ́ǹtì á gba £26,250 bó bá jẹ́ 7.5% yẹn ni wọ́n fi ṣírò.

Ìjà gidi wà lórí £350,000 yẹn fúnra rẹ̀. Òfin ní kí wọ́n díye lé ilé bí ẹni pé kò sí ètò wíwó kankan. Kí ni ìyẹn túmọ̀ sí? Bí kánsù bá ti kó ìdajì bílọ́ọ̀kì jáde, tí wọ́n fi páànù dí ojú fèrèsé àti ilẹ̀kùn, tí ẹyẹlé ń yé sí balikóní, gbogbo ìrísí burúkú yẹn kò gbọ́dọ̀ wọ ìṣírò, torí ètò náà ló fà á. Kí sàfíyọ̀ yín, ẹni tó ń bá yín díye lé ilé, fi fúláàtì kánsù tó jọ tiyín ní ẹ̀sìtéètì tí wọn kò fẹ́ wó ṣe òṣùwọ̀n. Iye tí kánsù bá kọ́kọ́ mú wá, ẹ gbà á bí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Sàfíyọ̀ tiyín fúnra yín ni kí ẹ gbà, ẹni tó wà nínú RICS, ẹgbẹ́ àwọn sàfíyọ̀, tó sì ti ṣe iṣẹ́ compulsory purchase rí, ìyẹn fífi òfin ra ilé ní dandan. Kánsù ló máa san owó rẹ̀ dé ibi tó bá mọ́gbọ́n dání, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ iye tí àwọn máa san kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ ya fọ́tò inú ilé báyìí: kíṣìnì tí ẹ tún ṣe, báàfù, ilẹ̀. Ẹ wo iye ọdún tó kù lórí lease, ìwé tó fún yín ní fúláàtì náà fún iye ọdún kan. Ọdún 125 ni wọ́n sábà fún àwọn tó rà láyé Right to Buy, àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ní àwọn ọdún 1980 ti ń sún mọ́ 80 báyìí, bó bá sì ti wálẹ̀ sí abẹ́ 80, iye ilé á máa já.

Yàtọ̀ sí iye ilé, wọ́n tún ń san owó lọ́yà, owó sàfíyọ̀, owó kíkó ẹrù, àti stamp duty lórí ilé tí ẹ fi rọ́pò. Ẹni tó fi tirẹ̀ rẹ́ǹtì náà lè béèrè owó tó ná sórí ríra ilé mìíràn ní UK, bó bá rà á láàárín ọdún kan.

Àwọn ohun mẹ́ta kan wà tó máa ń dá owó àwọn èèyàn wa dúró. Mo fẹ́ kí ẹ ka èyí sókè ní ìpàdé.

Ọ̀kan ni orúkọ olóògbé. Bàbá ló wà lórí lease, bàbá ti kú láti ọdún mẹ́wàá, màmá ṣì ń gbébẹ̀, kò sí ẹni tó lọ gba probate, ìyẹn àṣẹ láti bójú tó ohun ìní olóògbé. Kò sí ẹni tó lè fọwọ́ sí títà, owó á wà nílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ní lè fọwọ́ kàn án. Ẹ bẹ̀rẹ̀ probate, tàbí letters of administration bí kò bá sí ìwé ìhágún, lónìí.

Èkejì ni ẹni tó ti padà sí Nàìjíríà. Lẹ́tà kánsù á máa bọ́ sí ojúlé tí ayálégbé rẹ̀ wà, kò ní mọ̀. Ọjọ́ 21 péré ni kánsù gbọ́dọ̀ fún èèyàn, ó kéré tán, láti tako àṣẹ tí kánsù fi ń ra ilé ní dandan, èyí tí wọ́n ń pè ní CPO. Kí ó lọ sí HM Land Registry, ibi tí wọ́n ń kọ orúkọ àwọn onílé sí, kí ó fi àdírẹ́sì rẹ̀ ní Ìbàdàn tàbí Èkó sí i, pẹ̀lú íméèlì. Àdírẹ́sì mẹ́ta ni wọ́n gbà, wọn kì í gba kọ́bọ̀. Bó bá sì tà á nígbà tí kì í ṣe olùgbé UK, ọjọ́ 60 lẹ́yìn títà ni ó ní láti fi jábọ̀ fún HMRC, àjọ owó orí, kódà bí kò bá sí owó orí láti san.

Ẹ̀kẹta ni ọjọ́ orí. Fúláàtì tiyín £350,000, tuntun tí wọ́n kọ́ síbẹ̀ lè tó £550,000. Ó ṣòro kí ẹni ọdún 66 rí báǹkì tó máa yá a ní ìyókù. Ohun tí ẹ máa béèrè ni shared equity tí kò ní rẹ́ǹtì: gbogbo owó ilé yín pẹ̀lú home loss á wọ inú tuntun, kánsù á di ìyókù mú láìgba owó lórí rẹ̀. Ẹ béèrè ní kíkọ: bí ẹ bá kú, ṣé ọmọ lè jogún ètò náà, àbí wọ́n á ní kó tà á? Èló ni service charge, owó ìtọ́jú bílọ́ọ̀kì, ọdọọdún? Ilé gíga tuntun tó ní lífìtì méjì àti aṣọ́nà lóru, service charge rẹ̀ lè pọ̀ ju ohun tí ẹ ń san tẹ́lẹ̀ lọ gan-an.

Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi CPO dẹ́rù bà yín. Lóòótọ́, ó lágbára, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí kánsù kàn ń fọwọ́ ara rẹ̀ fún ara rẹ̀. Ní September 2016, mínísítà kọ̀ láti fọwọ́ sí CPO kan lórí Aylesbury Estate ní Southwark, apá kan ìdí rẹ̀ sì ni pé ohun tí wọ́n fún àwọn onífúláàtì kò tó láti jẹ́ kí wọ́n lè dúró ládùúgbò. Wọ́n fagi lé ìpinnu yẹn ní 2017, wọ́n sì fọwọ́ sí àṣẹ náà ní 2018, ṣùgbọ́n láàárín ìgbà yẹn ohun tí wọ́n fi lọ àwọn onífúláàtì ti sàn jù ti tẹ́lẹ̀. Bí wọ́n bá ti gba ilé tán tí ẹ kò tíì fẹnu kò lórí iye, ẹ lè béèrè 90% lára iye tí kánsù fúnra rẹ̀ ṣírò, kí ìyókù lọ sí Upper Tribunal, ilé ẹjọ́ tó ń yanjú àríyànjiyàn lórí iye.

Bí wọ́n bá fi bílì iṣẹ́ ńlá ránṣẹ́ sí yín, òrùlé tàbí lífìtì, lórí ilé tí wọ́n fẹ́ wó, ẹ má sáré san án. First-tier Tribunal ló ń gbọ́ irú ẹjọ́ yẹn.

---

Ọmọ_Walworth fèsì:

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí àwọn tó yá ilé lọ́wọ́ onífúláàtì àti àwọn ẹbí tí kánsù kó wá, torí àwọn ni ẹnikẹ́ni kì í pè sí ìpàdé. Ẹ pè wọ́n.

Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé lánlọ́ọ̀dù á tètè lé ayálégbé rẹ̀, kí ó lè fi ilé òfìfo lé kánsù lọ́wọ́. Bí ayálégbé bá ti jáde ṣáájú ìgbà tí kánsù ra ilé, ọ̀pọ̀ ẹ̀tọ́ rẹ̀ ti bá a lọ. Bó bá ṣì wà níbẹ̀ ní ọjọ́ tí kánsù gbà á, Section 39 nínú Land Compensation Act 1973 ní kí kánsù wá ibi tó yẹ fún un bí kò bá rí ibòmíràn. Bó bá ti pé ọdún kan níbẹ̀, ó lè béèrè home loss pẹ̀lú. Bí wọ́n bá sì fún un ní ìwé ìlékúrò tó tọ́, kí ó gbé e lọ sí ọ́fíìsì àwọn aláìnílé. Láti ìgbà tó bá ku ọjọ́ 56 ni kánsù ti gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ràn án lọ́wọ́, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n bá gbé ẹrù rẹ̀ sóde.

Àwọn tó wà níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ìpadà kì í sábà kan tiwọn. Ṣùgbọ́n wọ́n lè dìbò! Láti July 18, 2018, ẹ̀sìtéètì Lọ́ńdọ̀nù tó bá fẹ́ gba owó Méyọ̀ láti wó ilé social, tí ilé tuntun rẹ̀ sì tó 150, gbọ́dọ̀ dìbò kó tó lọ síwájú. Àwọn tó lè dìbò ni ayálégbé social tó wà lórí ìwé, onífúláàtì tó ti gbé inú tirẹ̀ fún ọdún kan, àti ẹnikẹ́ni tó ti gbé níbẹ̀ fún ọdún kan tí orúkọ rẹ̀ sì ti wà lórí housing register, ìwé orúkọ àwọn tó ń dúró de ilé kánsù, fún ọdún kan, láìka irú àdéhùn tó ní sí. Ọmọ ọdún 16 sókè ni. Nítorí náà, ẹni tí kò bá sí lórí register, kí ó forúkọ sílẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, kí ọdún náà lè bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

Ìwé tí wọ́n ń pè ní Landlord Offer ni ẹ máa dìbò lé lórí. Ohun tí kò bá sí nínú ìwé yẹn, ẹ má kà á kún, kódà bí ọ̀gá àgbà wọn bá sọ ọ́ ní gbọ̀ngàn.

---

Kọ́kọ́rọ́_Ilé fèsì:

Èmi á mú ti ọjọ́ ìkójáde àti inú ilé tuntun, torí àwọn nǹkan kéékèèké yìí ló ń tán owó.

Lẹ́yìn home loss, owó ìdílọ́wọ́ wà, disturbance payment. Òun ló wà fún ohun tí ẹ ná gan-an: ọkọ̀ akẹ́rù, yíyọ kúkà àti ẹ̀rọ ìfọṣọ kúrò àti títò wọ́n padà, gbígbé íntánẹ́ẹ̀tì, Royal Mail kí wọ́n lè máa darí lẹ́tà yín, kápẹ́ẹ̀tì àti kọ́tìnnì tí kò bá fèrèsé tuntun mu, yúnífọ́ọ̀mù bí ọmọ bá ní láti yí ilé ìwé padà. Rìsíìtì ni wọ́n fi ń san án. Ẹ ra fáìlì kan, kí gbogbo ìwé máa wọ ibẹ̀.

Kíṣìnì ni kí ẹ wò dáadáa. Ọ̀pọ̀ ilé tuntun kò ní gáàsì mọ́, induction ni sítóòfù wọn. Ìkòkò alumíníọ́ọ̀mù tí ẹ fi ń se ẹ̀wà, èyí tí ìdí rẹ̀ ti dúdú láti ọdún yìí wá, kò ní gbóná lórí rẹ̀ rárá. Ẹ mú òòfà kékeré kan, irú èyí tó máa ń wà lára fíríìjì, ẹ fi kan ìdí ìkòkò kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá lẹ̀ mọ́ ọn á ṣiṣẹ́, èyí tí kò bá lẹ̀ kò wúlò níbẹ̀. Ẹ kà wọ́n, ẹ kọ iye owó tí wọ́n fi ń ra irú wọn, ẹ fi sínú disturbance. Wọ́n lè san án bí ẹ bá béèrè.

Ọ̀pọ̀ ilé tuntun sì ni kíṣìnì àti pálọ̀ ti jọ wà papọ̀, láìsí ilẹ̀kùn láàárín. Bí ẹ bá ń yọ́ epo pupa, aago èéfín á ké, òórùn ọbẹ̀ á sì wọ àga. Ìgbà tí wọ́n bá ń fi àwòrán ilé hàn yín ni kí ẹ ti béèrè kíṣìnì tó ní ilẹ̀kùn tirẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kọ́ ọ, ẹ̀pa kò bóró mọ́. Ẹ wọn àyè fíríísà ńlá yín náà.

Ìmóoru ilé àti omi gbígbóná máa ń wá láti ẹ̀rọ kan fún gbogbo bílọ́ọ̀kì. Ẹ kò ní lè pa ilé iṣẹ́ iná dà bí ẹ ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀, torí náà ẹ béèrè iye owó ojoojúmọ́ àti ti ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó fọwọ́ sí i.

Lọ́jọ́ ìkójáde, ẹ ya fọ́tò mítà iná, gáàsì àti omi nínú ilé méjèèjì. Ẹ dá gbogbo kọ́kọ́rọ́ àti fob padà, kí wọ́n fún yín ní ìwé pé wọ́n gbà á, torí títí wọ́n á fi gbà á, owó ilé ògbólógbòó ń ka. Ẹ béèrè ṣáájú pé ọ̀sẹ̀ mélòó ni wọn kò ní gba owó ilé méjì lọ́wọ́ yín. Ẹ má fi àga àtijọ́ sílẹ̀, wọ́n á gba owó ìkódànù. Ẹni tó wà lórí fisa, kí ó yí àdírẹ́sì padà lórí àkáǹtì UKVI rẹ̀, ti àwọn elétò fisa, náà, kì í ṣe ti GP àti ti ilé ìwé nìkan.

Ohun ìkẹyìn fún èmi: nígbà tí bílọ́ọ̀kì bá ń ṣófo, ibẹ̀ ni ìyà ti ń bẹ̀rẹ̀ fún àwọn tó kù. Páìpù á bẹ́ ní fúláàtì òfìfo lókè, kò sí ẹni tó máa rí i, omi á máa jò wọlé yín fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ béèrè ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ àwọn fúláàtì òfìfo àti nọ́ńbà tí wọ́n ń pè lóru, kí wọ́n sì pa omi àwọn fúláàtì náà láti orísun ní ọjọ́ kan náà tí ẹni tó ń gbébẹ̀ bá jáde. Kánsù ṣì gbọ́dọ̀ tún ilé ṣe títí di ọjọ́ tí ẹni ìkẹyìn bá kúrò. "A fẹ́ wó o" kì í ṣe ìdáhùn. Bí ilé bá sì jẹ́ irú èyí tí wọ́n fi pátákó kọnkéré ńláńlá tò, ẹ béèrè àbọ̀ ìwádìí ìkọ́lé rẹ̀. Ní ilé gogoro mẹ́rin ti Ledbury ní Old Kent Road, ọdún 2017 ni wọ́n rí i pé kò yẹ kí gáàsì wà nínú ilé náà, wọ́n gé gáàsì, ọ̀rọ̀ sì yára di ìkójáde.

---

Akọ̀wé_Bílọ́ọ̀kì:

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Ẹ ti gba mí ní ọ̀sẹ̀ kan. Ìbéèrè kan ló kù. Màmá kan ní yàrá mẹ́ta, ọkọ rẹ̀ ti di olóògbé, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ẹni ọdún 30 ń gbé pẹ̀lú rẹ̀ láti kékeré. Kánsù ní kó fọwọ́ sí àdéhùn tuntun fún yàrá méjì. Ṣé ewu wà níbẹ̀?

---

Ìwé_Lẹ̀rí fèsì:

Ewu wà, Akọ̀wé. Kó má tíì fọwọ́ sí i.

Àdéhùn secure tó ti wà ṣáájú April 1, 2012 jẹ́ kí ọmọ tó ti gbé pẹ̀lú ayálégbé fún oṣù 12 lè jogún rẹ̀, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Èyí tí wọ́n bá ṣe láti ọjọ́ yẹn wá, ọkọ tàbí aya ni òfin mọ̀, àyàfi bí àdéhùn fúnra rẹ̀ bá fi àwọn ẹbí mìíràn kún un. Bí màmá bá fọwọ́ sí ìwé tuntun, ọjọ́ tuntun ló ní, ẹ̀tọ́ ọmọ lè ti lọ nínú ìbuwọ́lù kan.

Ẹ kọ́kọ́ wá ìdáhùn sí ìbéèrè kan: ṣé òun àti ọkọ rẹ̀ jọ wà lórí ìwé àtijọ́? Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, nígbà tí ọkọ kú tí ilé kù sí òun nìkan lọ́wọ́, òfin ti ka ìyẹn sí ìjogún ẹ̀ẹ̀kan náà, ọmọ kò ní òmíràn tẹ́lẹ̀. Bó bá jẹ́ pé orúkọ tirẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀tọ́ ọmọ ṣì wà láàyè, ó sì tó ohun tí èèyàn ń jà fún.

Kí ó kọ lẹ́tà sí kánsù pé òun gbà láti kó, ṣùgbọ́n kí wọ́n fi gbólóhùn kan sínú àdéhùn tuntun pé ẹ̀tọ́ ìjogún tó wà nínú ti àtijọ́ á máa bá a lọ. Àwọn ètò kan máa ń gbà á bí ẹ bá tètè béèrè. Bí ilé tuntun bá jẹ́ ti housing association, kí wọ́n kọ ọ́ pẹ̀lú pé àwọn ẹ̀tọ́ secure yòókù, títí kan Right to Buy, máa tẹ̀lé e.

Ọmọ náà fúnra rẹ̀, ẹ béèrè bóyá kánsù ń fún ọmọ tó ti dàgbà ní fúláàtì yàrá kan tirẹ̀ nínú ètò yìí. Àwọn kánsù kan ń ṣe é, torí ó dín yàrá tí wọ́n nílò kù. Kí ó wà lórí fọ́ọ̀mù àyẹ̀wò, kí ó sì wà lórí register. Kí wọ́n kó àwọn ìwé tó fi hàn pé ibẹ̀ ló ń gbé: báǹkì, lẹ́tà GP, orúkọ rẹ̀ lórí ìwé ìdìbò ìlú, láti oṣù 12 sẹ́yìn ó kéré tán. Lọ́yà housing tó ń gba legal aid, ìyẹn tí ìjọba ń san owó rẹ̀, tàbí law centre, ọ́fíìsì lọ́yà aráàlú, tó wà nítòsí yín lè ka àdéhùn náà kí màmá tó buwọ́ lù ú. Bí òṣìṣẹ́ kánsù bá ń ti màmá, kó sọ fún un pé ìwé náà wà lọ́dọ̀ lọ́yà.